Alhaja tó ń sùn lórí ẹní: àkọsílẹ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìṣubú nínú ilé kan ní Òṣogbo

Ìyá ẹni ọdún 78 ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Opó ni, ó ta àdìrẹ àti aṣọ òkè títí orúnkún fi dá a dúró, ilé ara rẹ̀ ló sì ń gbé ní ìhà Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbà kí n kọ ọ́, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ilé náà mọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àgbà nílé ni mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ la jọ ṣe gbogbo èyí tó kan ẹ̀rọ níbẹ̀.

Bọ́ńgálò ni ilé náà. Yàrá tí Alhaja ń sùn wà ní ìkangun kan, balùwẹ̀ wà ní ìkangun kejì, kọ́rídọ̀ ló so wọ́n pọ̀. Láàárín kọ́rídọ̀ yìí, ilẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, àtẹ̀gùn tí kò sẹ́ni tó kà á sí àtẹ̀gùn. Táìlì dídán ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ tún ilé ṣe. Àkọ́bí rẹ̀ wà ní Èkó, ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, àbíkẹ́yìn wà ní Kánádà. Ayálégbé kan ń gbé ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Alhaja ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ èyí tó ń mú kí èèyàn máa tọ̀. Alẹ́ ló ń lo ìyẹn, torí pé ọ̀sán ló máa ń lọ sí àṣàlátù, kò sì fẹ́ kí ìtọ̀ máa yọ ọ́ lẹ́nu láàárín ẹgbẹ́.

Lóru ọjọ́ kan ó dìde láti lọ tọ̀, kó sì ti ibẹ̀ ṣe àlùwàlá fún ìrun òru. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Nǹkan bí aago méjì ni. Ó ké títí ohùn fi há, kò sẹ́ni tó gbọ́, torí ẹ̀rọ amúnáwá ń ké ní ilé kejì. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbá tí ìyàwó ayálégbé kò gbọ́ ìró bútà Alhaja bó ṣe máa ń gbọ́ ọ, ó lọ kan ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ ló já ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí wọ́n tó wọlé. Nígbà tí àwọn ọmọ tún ilẹ̀kùn náà ṣe, onírin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àgádágodo ńlá sì wà nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Egungun kò ṣẹ́. Wákàtí tó lò nílẹ̀ ló ṣe é léṣe jù. Bí àgbà bá dùbúlẹ̀ lójú kan lórí ilẹ̀ líle, ẹran ara tí ìwúwo rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ohun tó bá tú jáde nínú rẹ̀ á sì lọ yọ kíndìnrín lẹ́nu. Awọ ìbàdí àti gìgísẹ̀ á bó. Òùngbẹ á gbẹ ẹ́, òtútù á sì mú un. Nínú iṣẹ́ wa, bó bá ti ju wákàtí kan lọ, a ti ń kà á sí ewu ọ̀tọ̀, kódà bí ìṣubú náà fúnra rẹ̀ bá kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ìṣubú ń pa nǹkan bí 684,000 ènìyàn lọ́dún kan káàkiri ayé, àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sì ń kú jù nínú wọn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ilẹ̀ tí wọ́n gbá pa. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí yóò gbé wọn dìde ló pẹ́ dé.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí àkọ́bí bá mi sọ ni pé kí a ra bọ́tìnì tí Màmá yóò máa tẹ̀ bó bá ṣubú. Mo sọ ìwádìí kan fún un, èyí tí wọ́n ṣe ní Cambridge láàárín àwọn tó ti lé ní 90 ọdún, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ sì gbé jáde ní 2008. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyẹn ló ní ohun tí wọ́n lè fi pe ìrànlọ́wọ́. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìṣubú tó mú kí wọ́n pẹ́ nílẹ̀, wọn kò lò ó. Ẹlòmíì gbàgbé, ẹlòmíì kò fẹ́ yọ ọmọ lẹ́nu, ẹlòmíì kò lè dé ibi tí nǹkan náà wà. Àwọn ọmọ gbọ́, wọ́n sì yàn èyí tó lè mọ ìṣubú fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Àbíkẹ́yìn fi ránṣẹ́ láti Kánádà. Èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ni.

Ohun tó wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní accelerometer. Ó ń wọn bí nǹkan tó wà lára rẹ̀ ṣe ń yára àti bó ṣe ń dúró. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ̀n òòfà ilẹ̀ kan péré ló máa kà. Bí ara bá ń já bọ̀ lófuurufú, kíkà náà á lọ sílẹ̀ sún mọ́ òdo. Bí ara bá wá gbá ilẹ̀, á fò sókè dé ìlọ́po mélòó kan lójijì, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Jíjábọ̀, gbígbá ilẹ̀, ìdákẹ́: mẹ́ta yìí tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ni ẹ̀rọ ń wá.

Alhaja so ó mọ́rùn lọ sí àṣàlátù. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ bi í pé, “Alhaja, ṣé ẹ̀yin náà ti ń so tírà ni?” Ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà, tó sì ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí nítorí tírà láti ọjọ́ pípẹ́! Ó bọ́ ọ kúrò lọ́rùn kó tó délé, kò sì so ó mọ́ títí dòní. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní agídí ni. Mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ni ìyá yìí ń dáàbò bò, ẹ̀rọ tó bá sì máa ba orúkọ àgbà jẹ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ lára rẹ̀.

Wọ́n bá ra aago ọwọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Aago kò tini lójú, ṣùgbọ́n ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni Alhaja ń ká apá aṣọ dé ìgúnpá fún àlùwàlá, gbogbo ìgbà náà ló sì ń bọ́ aago sórí fèrèsé. Alẹ́ ló tún ní láti fi í sí iná kí bátìrì rẹ̀ má baà kú, bẹ́ẹ̀ alẹ́ gan-an ló ń ṣubú. Ọjọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ló wá là wá lójú jù. Ọ̀sán ni, ó wà nínú balùwẹ̀, òòyì kọ́ ọ, ó sì di etí béséènì mú. Ó rọra yọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri títí ìdí rẹ̀ fi kan ilẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Ìyàwó ayálégbé ló gbọ́ ohùn rẹ̀. Aago kò dún rárá. Kò bàjẹ́ o. Kò sí jíjábọ̀, kò sì sí gbígbá ilẹ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, torí náà kò sí ohun tó lè kà. Púpọ̀ nínú ìṣubú àgbà ló rí báyìí: wọ́n ń yọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n di nǹkan mú, ẹsẹ̀ rọ. Ẹni tó bá ń ta irú ẹ̀rọ yìí fún ìdílé gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn fún wọn.

Ibí yìí ni àkọ́bí ti sọ pé kámẹ́rà ni òun fẹ́. Ó pè láti Èkó, fóònù wà lórí sípíkà: “Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kámẹ́rà sí gbogbo ilé títí dé balùwẹ̀, kí n lè máa rí Màmá níbikíbi tí mo bá wà.” Alhaja gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Èmi tí mo wẹ̀ ọ́ dàgbà, ṣé ìwọ ló máa wá máa wò mí bí mo ṣe ń wẹ̀?” Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà parí síbẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ parí, èmi ì bá ti bá a parí rẹ̀. Àgbà tó gbọ́n, tó mọ ohun tó ń ṣe, ló ni ara rẹ̀, ìfẹ́ ọmọ kò sì gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ wa ló dámọ̀ràn rédà kékeré. Kì í ya àwòrán. Ìgbì ló ń rán jáde, bí irú èyí tó wà nínú wáyálẹ́ẹ̀sì ṣùgbọ́n tó kúrú gan-an. Ní 60 GHz tí èyí ń lò, ìyẹn ìgbì bílíọ̀nù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gígùn ìgbì kan jẹ́ mílímítà 5. Ìgbì yìí ń lu ara èèyàn, ó ń padà, ẹ̀rọ sì ń fi bó ṣe padà mọ ibi tí ara wà, bó ṣe ga tó sí ilẹ̀, àti bóyá ó ń mira. Ó ń kọjá nínú aṣọ àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kò nílò iná gílóòbù, ó sì lè mọ bí àyà ṣe ń lọ sókè sódò nígbà tí èèyàn bá ń mí. Ẹni tó yọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ aago. Alhaja béèrè pé ṣé kò ní í rí òun ní ìhòòhò. A fi ohun tó ń rí hàn án lórí kọ̀ǹpútà, ó rí i pé àwọn tótótó tó ń rìn kiri ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé e kọ́.

Yàrá rẹ̀ ni wọ́n gbé e kọ́ sí, torí ibẹ̀ ló ti ń pẹ́ jù. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń dún lọ́sàn-án. Ìpè á wọlé sí Èkó, á wọlé sí Ìbàdàn, á jí ẹni tó ń sùn ní Kánádà. Ọmọbìnrin rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wọ ọkọ̀, ó ti dé Gbọ̀ngán kí wọ́n tó pè é pé kó fọkàn balẹ̀, Màmá ń sùn ni. Lẹ́yìn bíi mélòó kan irú rẹ̀, àkọ́bí pa ohùn ìpè náà lórí fóònù tirẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ewu dé. Ilé tí kò ní ẹ̀rọ ṣì ń fetí sílẹ̀; ilé tí ẹ̀rọ ti purọ́ fún kì í gbọ́ mọ́.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ fura sí fáànù òkè àjà, torí irin tó ń yí máa ń da rédà láàmú. Ó sún un kúrò níwájú fáànù, kò yí nǹkan kan padà. Mo bá jókòó ní pálọ̀ lọ́sàn-án kan, mo ní kí Alhaja máa ṣe ohun tó máa ń ṣe. Ó kírun àyílà. Ó ká ẹní rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ ìborùn, ó sì sùn sílẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ. Fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì gbóná bí ààrò, ṣùgbọ́n táìlì tutù. Kò pẹ́, ẹ̀rọ dún.

Ẹ̀rọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Ara èèyàn wà nílẹ̀, kò dìde, ó sì kéde rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ló gbà pé kò sí àgbà tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ sùn sílẹ̀. Ní ilé tiwa, lóṣù Kejì àti oṣù Kẹta tí ooru Òṣogbo bá gbóná janjan, ta ni kì í sùn sórí ẹní?

Ọmọbìnrin rẹ̀ ní kí a sọ fún Màmá kó máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án. Mo kọ̀ ọ́. Ní gbogbo ọ̀sán, ìyá yìí ń kúnlẹ̀, ó ń fi àga mú ara rẹ̀, ó sì ń ti ilẹ̀ dìde. Ohun tí à ń fi ọ̀sẹ̀ pípọ̀ kọ́ àwọn mìíràn nìyẹn. Bí a bá gba ẹní lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ, à ń gba agbára ìdìde lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, yóò sì ṣubú sí i.

Nítorí náà, ẹ̀rọ ló yí padà. A yọ rédà kúrò nínú yàrá pátápátá. A gbé ọ̀kan sí kọ́rídọ̀, a gbé ọ̀kan sókè ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ níbi tí omi kò lè dé. Ìgbì 60 GHz kì í fi bẹ́ẹ̀ la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá, torí náà ọ̀kan kò lè ṣọ́ ibi méjèèjì. Ibi méjì yìí ni kò sẹ́ni tó ń tẹ́ ẹní sí nínú ilé náà. Ní balùwẹ̀, àpótí kékeré ni Alhaja ń jókòó lé wẹ̀, ó sì rẹlẹ̀ débi pé rédà lè kà á sí ìṣubú. A fi àga rọ́bà gíga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ rọ́pò rẹ̀, èyí sì dára fún orúnkún rẹ̀ pẹ̀lú.

Nínú yàrá, sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú la fi síbẹ̀, irú èyí tó ń mọ ooru ara bó bá kọjá níwájú rẹ̀, tí wọ́n ń lò fún gílóòbù tó ń tàn fúnra rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí Alhaja bá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì àti ìgbà tó bá padà. Irú sẹ́ńsọ̀ yìí ní àbùkù kan níbi tiwa: bí ooru yàrá bá ti sún mọ́ ooru ara, kò ní rí èèyàn dáadáa mọ́. Alẹ́ la fẹ́ lò ó fún, nítorí náà ó ṣì tó. Ọmọńlé àti kòkòrò tó bá rìn lójú rẹ̀ náà lè tàn án, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa nù ún.

Òfin tí a fún un kò le. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, bí Alhaja bá jáde sí kọ́rídọ̀ tí kò sì padà láàárín 20 ìṣẹ́jú, tàbí bí rédà bá rí i nílẹ̀, ohùn ọmọbìnrin rẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ á kọ́kọ́ sọ pé: “Màmá, ṣé kò sí wàhálà? Bí kò bá sí, ẹ padà sí yàrá.” Bó bá kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ yàrá, ó ti tán. Bí kò bá kọjá, ẹ̀rọ á pe fóònù. Bátìrì àti sólà kékeré kan ló ń gbé e, ìpè lásán ló sì ń lò, kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì, torí bí iná bá ti lọ, Wi-Fi ilé náà ti kú nìyẹn. Ọmọbìnrin tó wà ní Ìbàdàn ló ń fi owó sórí síìmù rẹ̀ lóṣooṣù.

Lẹ́yìn èyí ni a dán an wò. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ dùbúlẹ̀ sí kọ́rídọ̀ lálẹ́, Alhaja wà nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ pè. Àkọ́bí gbé e ní Èkó, ó pe ayálégbé, ayálégbé àti ìyàwó rẹ̀ sáré dé. Wọ́n dúró síta. Àgádágodo ilẹ̀kùn onírin wà nínú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí Alhaja. Gbogbo wa ń wo ara wa láàárín irin. Gbogbo owó tí wọ́n ti ná látìgbà náà wá, ohun tó rà ni kí Èkó tètè mọ̀ pé Màmá wà nílẹ̀.

A tò ó padà. Ẹni tí ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ pè báyìí ni ìyàwó ayálégbé, ọkọ rẹ̀ ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Ìbàdàn, Èkó ló kẹ́yìn. A pààrọ̀ àgádágodo sí kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣí nínú àti níta. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kejì ló le jù. Ìyàwó ayálégbé sọ ọ́ gbangba: “Ẹ má bínú o, bí nǹkan bá sọnù nínú ilé yìí lọ́la, èmi ni wọ́n á mú.” Òótọ́ ló sọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín pa á mọ́lẹ̀. Alhaja fúnra rẹ̀ ló yanjú rẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ sórí fóònù, ó fún obìnrin náà ní kọ́kọ́rọ́ létí gbogbo wọn, ó ní ẹni tó bá bi í léèrè nǹkan kan, òun ló bi. Ó tún yọ díẹ̀ nínú owó ilé wọn. Mo kọ́ obìnrin náà bí a ṣe ń gbé ẹni tó ṣubú dìde: kó má fà á lápá, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tó ń dùn ún, kó wò ó bóyá ẹsẹ̀ kan kúrú tàbí ó yí síta, bí gbogbo rẹ̀ bá dára, kó gbé àga wá, kí Alhaja kúnlẹ̀ kó sì ti orí àga dìde.

Ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni àǹfààní tí àkọsílẹ̀ sẹ́ńsọ̀ yàrá mú wá. Alhaja ti sọ fún gbogbo wa pé ẹ̀ẹ̀kan lòun ń dìde lóru. Ẹ̀rọ fi hàn pé ìgbà mẹ́rin sí márùn-ún ni. Mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n bó ṣe dìde dúró: iye òkè já wálẹ̀ láti 148 sí 122. Bó bá ti já tó 20 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí èèyàn dìde, a mọ̀ pé ìdìde fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ ọ lóòyì. Dókítà rẹ̀ gbé oògùn ìtọ̀ sí àárọ̀, ó sì dín ọ̀kan kù. Àwọn ọmọ fi sìmẹ́ńtì sọ àtẹ̀gùn kọ́rídọ̀ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n fi irin ìdìmú sára ògiri, wọ́n sì fi gílóòbù tó ń tọ́jú iná pamọ́ síbẹ̀. Ìdìde òru dín sí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ṣe níbí ju gbogbo ìpè tó pè lọ.

Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, nínú ààwẹ̀, bó ṣe ń múra sààrì. Balùwẹ̀ ni. Ohùn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò lè dìde dáhùn. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ìyàwó ayálégbé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti béèrè, ó ti wò, ó sì ti gbé àga wá. Orúnkún rẹ̀ wú díẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n tó sọ fún Èkó.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó sọ irú ẹ̀rọ tí ìdílé máa rà, ẹ lo ọ̀sán kan àti alẹ́ kan nínú ilé náà. Ẹ wo ibi tí àgbà ń sùn sí, ohun tó ń bọ́ kó tó kírun tàbí kó tó wẹ̀, ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa sọ bí wọ́n bá rí nǹkan lára rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó lè dé ẹnu ọ̀nà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àti bóyá ó lè ṣí i. Bí wọn kò bá ní ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá wọn wá a. Ẹ sì máa dán gbogbo rẹ̀ wò pẹ̀lú èèyàn tó dùbúlẹ̀ ní tòótọ́, lóru, nígbà tí iná bá lọ.

Ẹ̀yìnkùlé ló kù. Ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀, Alhaja sì fẹ́ràn láti lọ pọn omi àlùwàlá fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí sẹ́ńsọ̀ kankan tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Òjò, ewúrẹ́ àti àwọn ọmọ ayálégbé kò ní jẹ́ kí rédà sinmi. A ti bá púlọ́ńbà sọ̀rọ̀ kó fa ẹ̀rọ omi kan wọ balùwẹ̀.